Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sọ fún wa ní Yorùbá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pé owó òbí ni àwọn ọmọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ń fi ṣòfò, torí pé ọmọ àbúrò òun tó ti dé ọdún kẹta kò rí fóònù òun tó kú tún ṣe. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú bí mi díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún fóònù ṣe, kó gbé e lọ bá àwọn ọmọ tó ń jókòó sídìí tábìlì ní Sábó. Iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ta ló ń bá lọ́yà jà pé kò mọ ẹ̀wù dúdú tó ń wọ̀ lọ sí kóòtù rán?

Ṣùgbọ́n bàbá náà sọ ohun kan tó ká mi lára. Ó ní òun bi ọmọ náà pé kí gan-an ló ń kọ́, ọmọ sì ń da Gẹ̀ẹ́sì bo òun títí tí òun fi dìde kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ó kàn fò ó kọjá ni. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ mi.

Aṣọ ni mò ń tà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Àkọ́bí mi wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ, kọ̀ǹpútà ló ń kà. Nínú 5.00 tí wọ́n fi ń ka máàkì wọn, 4.31 ló wà báyìí. Bó bá gùn ún dé 4.50, físítì kíláàsì nìyẹn. Bí kò bá dé ibẹ̀, tú-wáànù ni. Mo mọ nọ́ńbà wọ̀nyí bí mo ṣe mọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá áńkárá, torí pé òun ló fi ń kí wa láàárọ̀, òun náà ló fi ń sùn.

Nígbà tó wálé lóṣù tó kọjá, ó ń múra bí yóò ṣe lọ dìfẹ́ǹdì pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn kó dúró níwájú àwọn olùkọ́ kó ṣàlàyé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Kò sí iná lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù lé orí fìríìjì, ó dúró gbọnin, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀: scalable, robust, user-friendly. Èmi ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà nílẹ̀. Ètò orí kọ̀ǹpútà fún ìkówójọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, ó ní iṣẹ́ mi ló fún òun lérò. Mo wá ní, "Ọmọ mi, kí ni nǹkan yìí ń ṣe?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Mo ní kó dúró. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń bá Ìyá Eléwé, ọmọ ẹgbẹ́ wa, sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Ẹ má ṣe rò pé ọmọ náà ò lọ́pọlọ o. Inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ fún un, inú Gẹ̀ẹ́sì náà ló dì í sí, kò sì tíì tú ẹrù náà rí.

Ọjọ́ kejì ló tó wá jókòó tì mí. "Màámi, ẹ wò ó bíi pé ìwé ìkówójọ yín ni, àmọ́ agbowó méjì lè ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní Sábó, ọ̀kan ní Odò-Ògbè." Mo ní, "Háà! Ìwé kan náà? Nígbà kan náà?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, inú rẹ̀ dùn.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Eléwé fún un. Ní bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ wa ní agbowó méjì, kálukú ní ìwé tirẹ̀, wọ́n á da iye tó wà lórúkọ kálukú kọ lálẹ́ kí wọ́n tó jáde láàárọ̀. ₦40,000 ló wà lórúkọ Ìyá Eléwé. Ó fúnra rẹ̀ san ₦5,000 ní Odò-Ògbè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ọmọ rẹ̀ bá a san ₦3,000 ní Sábó. Agbowó àkọ́kọ́ kọ 45,000. Èkejì kọ 43,000. Ti Sábó ló dé ọwọ́ akọ̀wé gbẹ̀yìn, òun ló sì gbé sínú ìwé ńlá. Bí ₦5,000 ṣe wọlẹ̀ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè. Ìyá náà tú ìdí ìró rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó mú rìsíìtì tó ti rún jáde. Ojú tì wá. Láti ọjọ́ náà, ìwé kan ṣoṣo la ní, a fi òwú so báírò kan mọ́ ọn. Ẹni tí báírò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń kọ, ẹlòmíràn á dúró.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ọmọ yìí ò mira. Ó ṣáà ń wo ilẹ̀. Ó wá ní, "Màámi, race condition ni." Ó ní orúkọ tí àwọn ń pè é nìyẹn, bí ẹni méjì bá ń kọ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ti ọ̀kan fi pa ti èkejì rẹ́. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn ní ọdún kẹta, òun sì gba A nínú ìdánwò rẹ̀. Ohun tó kọ lórí bébà tó fi gba A ló wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yìí, kò sì dá a mọ̀. Àbùkù tí a rí nínú ẹgbẹ́ wa ló tún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tún un ṣe. Ó ní báírò tí a fi òwú so yẹn, lock ni àwọn ń pè é, òun sì ti fi sí i.

Níbo ni ìbá ti rí ìwé owó gidi tẹ́lẹ̀? Ètò ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní IT, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1973 kí ọmọ lè fojú rí iṣẹ́ kó tó jáde, oṣù mẹ́fà tirẹ̀, fọ́tókọ́pì ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ di eré láàárín wa. Ó gbé ìwé orúkọ ẹgbẹ́, àwa 500 tí a tò ní A, B, D, ó ní kí n mú orúkọ kan sọ́kàn. Ó ṣí i láàárín gbùngbùn: iwájú ni àbí ẹ̀yìn? Ó ju ìdajì nù, ó tún ṣí àárín ìdajì tó kù. Kò lè ṣí i ju ìgbà mẹ́sàn-án lọ kó tó rí i. Ó ní bí a bá tó mílíọ̀nù kan, ogún ìgbà péré ni. Mo ní bí orúkọ ò bá wà létò ńkọ́? Ó ní ohun tí mo bèèrè yẹn ni olùkọ́ àwọn fi odindi wákàtí kan ṣàlàyé.

Olóòtú, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde rèé, kí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀ níbí àti ní yunifásítì tuntun tó wà ní Iléṣà lè rí i. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń dìfẹ́ǹdì pírójẹ́ẹ̀tì, ẹ pe ẹnìkan wọlé láti ìta: obìnrin tó ń ta ìrẹsì nínú ọgbà, tàbí awakọ̀. Kí ọmọ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ohun tó ṣe fún un ní Yorùbá, kí ẹni náà sì bi í ní ìbéèrè kan. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má fi ìdí rẹ̀ janlẹ̀; kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì nílùú yìí. Ní 1970, kí wọ́n tó bí mi, tí Yunifásítì Ifẹ̀ ò tíì pé ọdún mẹ́wàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ò sì torí ẹ̀ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n á ní àwọn ọmọ Íbò àti Haúsá ńkọ́? Kí wọ́n sọ ọ́ ní tiwọn. Ọgbà yunifásítì kì í ṣàìní ẹni tó máa gbọ́ ọ. Wọ́n á ní kí ni Yorùbá ń pe race condition? Mi ò mọ̀, mi ò sì wá a. Ìtàn Ìyá Eléwé ti gbé wa débẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá fi Ifá pa mí lẹ́nu mọ́, pé ọ̀dọ̀ tiwa ni kọ̀ǹpútà ti ṣẹ̀. Òótọ́ ni pé ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú dé, òun ló fi jẹ́ 256 odù; òótọ́ sì ni pé bit, àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, tó lè jẹ́ òdo tàbí oókan, mẹ́jọ rẹ̀ ló wà nínú ìdì kan tí wọ́n ń pè ní byte, 256 náà nìyẹn. Ọmọ mi ló kà á fún mi, ó sì wú mi lórí, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n a ó fi yangàn tán, a ó padà lọ há Gẹ̀ẹ́sì sórí. Babaláwo tó mọṣẹ́ kì í ki odù kó dákẹ́. Á túmọ̀ rẹ̀ títí yóò fi kan ohun tó gbé ọ wá. Ìtúmọ̀ yẹn ni mò ń bèèrè.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọmọ mi kù díẹ̀. Ní Sátidé yìí, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, yóò sọ pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún wa láti orí dé ìdí. Ìyá Eléwé ti ránṣẹ́ pé òun ní ìbéèrè méjì.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan,
Ilé-Ifẹ̀.