Ìkéde Pàtàkì: Ètò Kíláàsì Yógà Wa Yóò Yí Padà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Abẹ́òkúta, a kí yín o.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ètò kan náà la ó máa ṣe láràárọ̀ Sátidé ní Ìbarà, aago 6:30: Surya Namaskar (ìkíni oòrùn, ọ̀wọ́ ìṣípòpadà ara tó ń tẹ̀lé èémí) oríṣi A ní ìgbà 5, oríṣi B ní ìgbà 3, ìdúró orí ẹsẹ̀, ti ìjókòó, lẹ́yìn náà Savasana (ìdùbúlẹ̀ láti sinmi). Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, aago 5:30, olùkọ́ ni yóò máa yí ètò padà.

Bí ètò kò bá yí padà, ara á ti mọ èyí tó kàn, ọkàn á sì ráyè tẹ̀lé èémí. Bẹ́ẹ̀ ni Ashtanga, irú yógà tí olùkọ́ Pattabhi Jois fi kọ́ni ní Mysore, ní Íńdíà, ṣe rí. Ṣùgbọ́n àṣetúnṣe Chaturanga (ibi tí a ti ń fi ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ gbé ara dúró nítòsí ilẹ̀ nínú Surya Namaskar) lè pa èjìká àti ọrùn ọwọ́ lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí èjìká lọ sílẹ̀ ju ìgúnpá lọ. Bó bá lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iwájú èjìká ni yóò gba ẹrù púpọ̀. Bó bá ti rẹ̀ yín, ẹ fi orúnkún kanlẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tá a fi fi Ọjọ́rú sí i, kí iṣan mìíràn náà lè ṣiṣẹ́. Kí ẹni tuntun kọ́kọ́ wá ní Sátidé, torí ẹni tí kò mọ ètò a máa yí ọrùn wo ẹlòmíì nígbà tó yẹ kó wo ilẹ̀.

Ẹ mú ẹní àti táwẹ̀lì kékeré wá. Ẹ má jẹ láfún tàbí oúnjẹ wúwo mìíràn ní wákàtí 3 ṣáájú.

Ẹ fèsì síbí kó tó di alẹ́ Ọjọ́ Ajé: ọjọ́ wo lẹ ó máa wá, ṣé ibì kankan sì ń dùn yín?

Akọ̀wé ẹgbẹ́