Àjàní, lórí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì yín

Ọ̀jẹ́, Ìbàdàn

Àjàní ọmọ mi,

Àṣàkẹ́ ọmọ ìyá rẹ sọ fún mi pé ojú ń tì ọ́, pé bí wọ́n ṣe ní kí o máa pín fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ṣẹ́, orúkọ ará ilé ló kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn. Ìyẹn ò tó ìtìjú rárá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò sá tọ ọmọ ìyá rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

O mọ̀ pé bàólọ́jì ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà jẹun, nítorí náà fara dà á. Ní 1964, W. D. Hamilton, onímọ̀ bàólọ́jì, ṣe ìṣirò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara tí òbí ń fún ọmọ) tó ń mú ẹ̀dá ran ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ lè gbilẹ̀, bí ìrànlọ́wọ́ náà tilẹ̀ pa ẹ̀dá ọ̀hún lára, nítorí jíìnì kan náà lè wà lára ẹbí yẹn. Ìwọ àti Àṣàkẹ́, nǹkan bí ìdajì jíìnì yín ni ẹ jọ pín. Bó bá jẹ́ ọbàkan, ìdákan nínú mẹ́rin. Ìwọ àti ọmọ àbúrò mi, ìdákan nínú mẹ́jọ. (Àwọn ìyàwó bàbá rẹ àgbà ti mọ ìṣirò yìí kí Hamilton tó mú gègé. Bi ẹnikẹ́ni tó bá wọn jókòó nídìí ìkòkò ẹran Iléyá.) Ọ̀kẹ́rẹ́ orí ilẹ̀ kan wà ní Kalifọ́níà tí Paul Sherman kọ nípa rẹ̀ ní 1977: bí ẹranko apẹran bá yọ, abo tó ní ọmọ tàbí ìyekan nítòsí ló máa ń ké jù, bẹ́ẹ̀ igbe náà lè kó o sí wàhálà.

Ṣùgbọ́n ara wa kì í sábà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹni tí a bá bá dàgbà ló sábà máa ń kà sí ẹbí. Èmi kọ́ ni mo bí Wàsíù, àmọ́ abọ́ àmàlà kan náà lẹ jọ ń bu òkèlè nínú rẹ̀, ìwọ lo sì máa ń ja ìjà rẹ̀ lọ́nà ilé-ìwé.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí o fowó ara rẹ rà ni wọ́n ń sọ. Fọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe tìrẹ; ti àwọn tó ti Mọ́níyà wá tò síwájú ọ́fíìsì yín láti ìdájí ni.

Àṣàkẹ́ ń bọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Jẹ́ kó tò. Má pè é wọ ẹ̀yìn káńtà, ṣùgbọ́n fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i látinú owó oṣù rẹ.

Ìyá rẹ