Àwòdì Tí Kò Re Ìbarà

Birmingham,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Gbogbo ilé ńkọ́? Bàbá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ méjì, bí mo bá sì ti wọlé láàárọ̀, oorun bí òkú.

Wàá rẹ́rìn-ín tí o bá gbọ́ ibi tí mo lọ ní Sátidé. Mo lọ wo ẹyẹ. Èmi náà tí mo máa ń sá fún adìyẹ ìyá rẹ! Ìyá àgbà kan tí ilé wa jọ fara kanra, ọmọ Wales, ló ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ò lè máa wò mí kí n máa ti ibi iṣẹ́ bọ́ sórí ibùsùn. Ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí Elan Valley, láàárín àwọn òkè Wales. Mo di mọ́ín-mọ́ín dání, òun gbé tíì sínú fúláàsì.

Àṣé omi ibẹ̀ ni mo ti ń mu láti ọdún mẹ́ta tí mo ti dé! Àwọn ará Birmingham ló lọ sé odò mọ́ ibẹ̀. 1893 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Ọba Edward Keje ló sì wá ṣí i ní 1904. Omi náà ń rin kìlómítà 117 láìsí ẹ̀rọ tó ń tì í, ọ̀nà tó da gẹ̀rẹ́ díẹ̀ díẹ̀ ló ń bá bọ̀, ọjọ́ kan ààbọ̀ ló sì fi ń dé. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n lé kúrò nílé nítorí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, oko, omi bo gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ni ilẹ̀ nìkan ni wọ́n sanwó fún, ayálégbé ò rí kọ́bọ̀. Bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀ ni ìyá yìí ń sọ ọ́. Mo dákẹ́, torí èmi ni mò ń mu omi.

Àwòdì la bá lọ. Ṣé o rántí bí Màmá àgbà ṣe máa ń pariwo “Àwòdì o!”, tí àgbébọ̀ á sáré kó ọmọ sábẹ́ ìyẹ́? Oko kan wà nítòsí ìlú Rhayader níbi tí èèyàn ń sanwó wọlé láti wò ó bó ṣe ń jẹun. Àwọn náà ti kórìíra ẹ̀ rí. Wọ́n pa á títí ó fi tán ní England àti Scotland, àárín òkè Wales yìí nìkan ni ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù sá pamọ́ sí. Láti 1989 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kó òmíràn wá láti Sweden àti Spain.

Ọ̀kan dúró sórí wa gan-an. Ìrù ẹ̀ là sí méjì bí ìrù ẹja, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, bí ẹni ń tukọ̀, kò sì lu apá rárá. Ni atẹ́gùn kan bá tì í lẹ́yìn, ó gba orí omi kọjá fìrì. Mo bú sẹ́rìn-ín, ìyá ní kí ló dé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé àwòdì tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, tó ní iṣẹ́ kúkú yá, fún ẹni tí kò mọ Ìbarà? Ìwọ tó ń gbébẹ̀ nìkan ló lè bá mi rẹ́rìn-ín ẹ̀. Àmọ́ eléyìí ò tiẹ̀ re ibì kankan. Ìyá ní púpọ̀ nínú wọn kì í kúrò ní Wales, òtútù ìbáà mú.

Èyí tó ń re ọ̀nà ilé ni mi ò kọ́kọ́ kà sí. Ìyá gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn fún mi, mo gbé e sójú, òkùnkùn ni mo rí. Mi ò ṣí ìdérí ẹ̀! Nígbà tí mo ṣí i, mo rí ẹyẹ kékeré kan lórí òkúta létí omi, kò tó ẹyẹlé. Ẹ̀yìn ẹ̀ dà bí ilẹ̀ tí òjò pa, ikùn ẹ̀ funfun, funfun náà sì gba iwájú èjìká gòkè bí okùn síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìdí ẹ̀ ò sinmi. Ó ń gbé e sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí Ìyá Rónkẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń lu sákárà. Àgùntàn kan sún mọ́ ọn, ó súfèé fíín-fíín-fíín, ó fò lọ, apá ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Kò pẹ́ ó padà sórí òkúta ẹ̀.

Ìyá ní létí omi òkè báyìí ló ń yé sí, pé oṣù kẹrin ló ń dé, àti pé láti oṣù keje á ti máa padà. Mo ní padà síbo? Ó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣadé, mo tún gbé awò sójú. Ohun tí ò tó ẹ̀kúnwọ́, tó ń fò kọjá Sàhárà! Òjò ń pa wá, bàtà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo wọ̀ ti gbomi, mi ò kúrò. Àwòdì mẹ́ta kọjá, ìyá ń nawọ́ sí wọn, mi ò wòkè.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ọ́. Láti oṣù kẹsàn-án lọ, tí o bá bá Bàbá dé etí Odò Ògùn, tàbí dáàmù Ọ̀yán, wo orí òkúta àti ẹrẹ̀ dáadáa. Ó sábà máa ń dá dúró ni, ìdí ẹ̀ á sì máa jó. Bi Bàbá léèrè orúkọ tí àwọn apẹja ń pè é, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìyá ní ìwé kékeré kan tó ń kọ orúkọ ẹyẹ sí, mo ti ṣèlérí tiwa fún un, ó sì ti fi àyè sílẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ̀sẹ́