Ta ni ọ̀gá àwọn òkú wọ̀nyí?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lójú ìwé àṣà, èyí tó gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n tètè pa tẹlifíṣọ̀n bí fíìmù sọ́ḿbì bá ti bẹ̀rẹ̀. Pé kí ọmọ kékeré má wo ibi tí òkú ti ń jẹ ẹran ara ènìyàn lóru, èmi náà fọwọ́ sí i. Ibi tí èmi àti òǹkọ̀wé yín ti pínyà ni ibi tó ti ní oògùn ìkà àwa aláwọ̀ dúdú ló bí sọ́ḿbì, pé òyìnbó kàn fi kámẹ́rà ká a mọ́ wa lọ́wọ́ ni. Rárá o. Oko ìrèké ló tọ́ sọ́ḿbì dàgbà, òyìnbó ló sì ni oko náà.

Haiti, orílẹ̀-èdè kan ní erékùṣù Karibíánì, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Faransé, Saint-Domingue ni wọ́n ń pè é, ṣúgà àti kọfí ibẹ̀ sì sọ ọ̀pọ̀ oníṣòwò ilẹ̀ Faransé di ọlọ́rọ̀. Nígbà tó fi máa di 1789, àwọn ẹrú ibẹ̀ ti tó ìdajì mílíọ̀nù. Áfíríkà ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wọn sí, nítorí pé iṣẹ́ oko ń pa wọ́n ju bí wọ́n ti ń bímọ lọ. Bí èyí bá kú, olóko a ra òmíràn. Àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n, títí di òní ni àwọn ẹlẹ́sìn Vodou sì ń bọ Ògún, wọ́n ń pè é ní Ogou. (Ẹ̀sìn ńlá ni Vodou, ó sì ju ọ̀rọ̀ sọ́ḿbì lọ fíìfíì.)

Ẹni tó wà nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀, kí ló kù tó ń retí? Ikú ni. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá kú yóò padà sí Guinée, ìyẹn Áfíríkà, ilé. Ẹ wá wò ó bí wọ́n bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ikú pàápàá kò ní gbà á sílẹ̀: wọ́n á hú u jáde, wọ́n á gba iyè inú rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sóko. Ohun tí sọ́ḿbì jẹ́ nìyẹn. Ará Haiti kì í bẹ̀rù pé sọ́ḿbì yóò bu òun jẹ. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé kí wọ́n má lọ sọ òun náà di ọ̀kan.

Ẹ̀rù náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Olówó a fi òkúta kọ́ ibojì òkú rẹ̀ kó lè le; mẹ̀kúnnù a sin tirẹ̀ sí ibi tí èrò ti ń kọjá, a sì máa ṣọ́ ọ títí yóò fi jẹrà. Wọ́n ní iyọ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹnu sọ́ḿbì, torí tó bá tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ á là, á mọ̀ pé òkú ni òun, á sì kọrí sí ibojì rẹ̀. Ìjọba pàápàá dá sí i. Abala 246 nínú òfin ọ̀daràn Haiti ti 1835 sọ pé ẹni tó bá fún ènìyàn ní ohun tí kò pa á, ṣùgbọ́n tó mú kó sùn lọ bí òkú, tí wọ́n bá lọ sin ín, apànìyàn ni, ohun yòówù kó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ní 1915, ṣọ́jà Amẹ́ríkà gba Haiti, wọn kò sì kúrò títí di 1934. Wọ́n fi tipátipá kó àwọn àgbẹ̀ lọ la ọ̀nà mọ́tò, àwọn tí bàbá ńlá wọn ti fi ogun gba ara wọn lóko ẹrú ní 1804! Àsìkò yẹn gan-an ni William Seabrook, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, dé síbẹ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1929, ó kọ ìtàn tí wọ́n sọ fún un nípa ọkùnrin kan, Ti Joseph, tó kó sọ́ḿbì wá gba iṣẹ́ lóko ilé iṣẹ́ ṣúgà Hasco, ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Òkú ń ṣiṣẹ́, Ti Joseph ń gbowó wọn. Lọ́jọ́ kan ìyàwó rẹ̀ ṣàánú wọn, ó ra ìpápánu dídùn fún wọn, kò mọ̀ pé iyọ̀ wà lára ẹ̀pà inú rẹ̀. Bí wọ́n ti tọ́ ọ wò báyìí, wọ́n figbe ta, wọ́n dìde, wọ́n sì forí lé ìlú wọn lórí òkè. Èmi kò ní kí ẹ gba ìtàn náà gbọ́. Ẹ ṣáà wo ẹni tó ń gbowó nínú rẹ̀.

Fíìmù White Zombie ti 1932, tí òṣèré Bela Lugosi ti kópa, kò tíì gbàgbé ìyẹn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí àwọn òkú ti ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ìrèké. Ọ̀kan jábọ́ sínú rẹ̀, àwọn yòókù kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò hàn, síbẹ̀ kò sí fíìmù sọ́ḿbì tó dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀.

George Romero, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, gbé tirẹ̀, Night of the Living Dead, dé ní 1968. Ibẹ̀ ni òkú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ènìyàn, ibẹ̀ náà ni ọ̀gá ti pòórá: kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́, kò sí ẹni tó ń jẹ èrè wọn. Mi ò bú Romero o. Duane Jones, aláwọ̀ dúdú tó ṣe akọni inú fíìmù náà, bọ́ lọ́wọ́ òkú ní gbogbo òru. Ilẹ̀ mọ́ tán ni àwọn aláàyè aláwọ̀ funfun yìnbọn pa á. Romero mọ ohun tó ń sọ. Àwọn tó tẹ̀lé e ni kò mú ju eyín àti ẹ̀jẹ̀ lọ dání.

Ọmọ Abẹ́òkúta ló dá ọ̀gá padà sínú ìtàn náà. Nínú àwo Zombie tí Fela gbé jáde ní 1976, ṣọ́jà ni sọ́ḿbì, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ẹni tó ń pàṣẹ fún un. Ní oṣù kejì ọdún 1977, ṣọ́jà ya bo Kalakuta, ilé Fela, wọ́n dáná sun ún, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ní ṣọ́jà àìmọ̀ ló ṣe é. Ṣọ́jà àìmọ̀! Níbẹ̀ náà, ọ̀gá tún pòórá.

Òǹkọ̀wé yín tún pa sọ́ḿbì pọ̀ mọ́ àkúdàáyà. Wọn kò tan. Àkúdàáyà tí àwọn àgbà ń sọ, ìlú òmíràn ló ń lọ, yóò dá òwò sílẹ̀, yóò láya, yóò bímọ, ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá sì fojú kàn án ni yóò di àwátì. Owó ara rẹ̀ ló ń ná.

Ní ti àbá òǹkọ̀wé yín pé kí a fi ìwé Fágúnwà rọ́pò fíìmù, ó dára, ṣùgbọ́n kí òbí má rò pé oorun àsùnwọra lòun rà fọ́mọ. Agbákò, abàmì olójú mẹ́rìndínlógún, ti ń dúró de ọmọ aráyé nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ láti 1938.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ wá àyè fún ìtàn Haiti lójú ìwé àwọn ọ̀dọ́, láti 1791 tí àwọn ẹrú dìde títí dé 1825 tí Faransé ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 150 owó franc nítorí pé wọ́n gba ara wọn sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ kà á kí wọ́n tó wo fíìmù, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá wò ó tán. Èyí tó bá rọ òbí wọn lọ́rùn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.