Sí Àṣàbí, lórí máàpù sọ́fè tó fi ránṣẹ́

Òkèléle, Ìlọrin.

Àṣàbí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Gbogbo ilé ló ń kí ọ. Máàpù sọ́fè sáísímíìkì ìhà Pátígi tí o fi ránṣẹ́, èyí tó fi ibi tí ẹ ó ti lu ilẹ̀ láti gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn, ti dé, mo sì ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Inú mi dùn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ yóò wà lórí rẹ̀ nìyí, ìdí tí mo fi fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ nìyẹn.

O rántí ìyá àgbà, amọ̀kòkò ní Dàda. Tí wọ́n bá sun ìkòkò tán, tó ti tutù, wọ́n á fi ọwọ́ òsì gbé e, wọ́n á fi ẹ̀yìn ìka lù ú. Tó bá dún ketekete, ó di ọjà. Tí ohùn rẹ̀ bá há, ó ti sán nínú, bí ojú ò tilẹ̀ rí i. Wọn kì í lù ú lójú kan. Wọ́n á lu ìdí, wọ́n á lu ikùn, ṣùgbọ́n ibi tí ọrùn ti so mọ́ ikùn, tó sábà máa ń sán, wọ́n á lù ú yí po.

Ohun tí ẹ ń ṣe fún ilẹ̀ náà nìyẹn. Láti 1921 tí Karcher, onímọ̀ físíìsì ọmọ Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán ọ̀nà yìí wò ní Oklahoma, ibi tí owó ń bá lọ ni iye ibi tí ẹ ó lù àti iye jíófóònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ ìró ilẹ̀, tí ẹ ó rì mọ́lẹ̀. Nítorí náà mo fara mọ́ ọn pé o yọ púpọ̀ nínú wọn kúrò. Mo ti ka ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò, Donoho, àti Candès, Romberg pẹ̀lú Tao, gbé jáde lọ́dún 2006 lórí bí a ṣe lè fi ìwọ̀n díẹ̀ tún odidi àwòrán yà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun. Jíófóònù tí a tò bí ebè, tí àlàfo wọn dọ́gba tó sì fẹ̀ jù, irọ́ tó jọ òótọ́ ló ń pa: ìró kan á gbé àwọ̀ ìró mìíràn wọ̀. Tí a bá fọ́n wọn ká láìdọ́gba, àṣìṣe á di ariwo lásán, kọ̀ǹpútà á sì lè kù ú dànù bí ìyàngbò. Ṣùgbọ́n ibi tí àwòrán abẹ́ ilẹ̀ kò bá díjú nìkan ni èyí ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ sí pé àpáta ti ṣẹ́, o yọ jíófóònù tó pọ̀ bíi ti ibi tó tẹ́jú. N kò fara mọ́ ìyẹn. Ọrùn ìkòkò nìyẹn, Àṣàbí. Dá wọn padà síbẹ̀, kí o tún un dán wò lórí kọ̀ǹpútà kí ọkọ̀ kankan tó gbéra.

Ní ti lílu ilẹ̀ níbi méjì pọ̀ láìdúró de ara wọn, kò bà mí lẹ́rù. O mọ bí ládàánì tiwa àti ti òdìkejì ṣe máa ń pèrun pọ̀ ní ìdájí. Ọ̀kan á fi díẹ̀ ṣáájú, ìyàtọ̀ náà kì í sì í dọ́gba lójoojúmọ́, etí rẹ sì mọ tiwa yàtọ̀ láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí àkókò lílù tiyín náà ṣe ségesège bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pérépéré, kí aago inú àwọn nóòdù aláìníwáyà yẹn, ẹ̀rọ tó ń gba ìró ilẹ̀ sílẹ̀, má sì yẹ̀.

Nígbà tí a gbẹ́ bọ́hòò ilé wa, àwọn tí mo gbéṣẹ́ fún kò wọn ilẹ̀ rárá. Ibi tó rọ ọkọ̀ wọn lọ́rùn ni wọ́n gbẹ́, àpáta gbígbẹ ni wọ́n kàn, owó ìfẹ̀yìntì mi sì bá a lọ. Ẹni tó wá fi iná mànàmáná wọn ọ́n lẹ́yìn wọn rí omi nínú lílà àpáta lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìwọ lo ń pọnmi fún wa ní gbogbo àkókò yẹn.

Torí náà má fi àwòrán dúróònù nìkan ṣe é. Fi ẹsẹ̀ rẹ rìn ín, kí o kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ìlú. Dúróònù á fi oko ìrẹsì hàn ọ́, kò ní sọ fún ọ pé ibojì bàbá ẹnìkan ló wà lábẹ́ igi yẹn. Bí olóko bá ní kí ẹ má tẹ ibì kan, ẹ sún un. Ohun tó dára nínú iṣẹ́ rẹ yìí nìyẹn: ohun tí kò wà lórí ìlà tẹ́lẹ̀, ìṣísẹ̀ mélòó kan kò lè bà á jẹ́.

Tí o bá ti tún un yà, fi ránṣẹ́ kí Jímọ̀ tó dé. Ìhà ìlà-oòrùn yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Èmi ni bàbá rẹ.