Bísọ́lá, bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀ eku yìí

Ọ̀wọ̀,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Bísọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù ọ̀hún? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọyẹ́ ti dé síbí, ètè gbogbo wa ti là. Ara Màmá le, wọ́n ní kí n kí ọ. Ọ̀rọ̀ kan ló wà tí mo ti bá wọn sọ títí tí wọn ò gbà, mo sì mọ̀ pé wọ́n máa ń gbọ́ tìrẹ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń dáná sungbó lọ́nà oko ni eku ti ya wọ ilé yín. A ṣí àpótí aṣọ Màmá lọ́sẹ̀ tó kọjá: aṣọ òfì tí o rà fún ìsìnkú Bàbá, eku ti gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi òwú rẹ̀ tẹ́ ìtẹ́, ọmọ eku pupa tí ojú wọn ò tíì là sì sùn sáàárín rẹ̀. Ó ti jẹ etí kan ìwé ilẹ̀. A dúpẹ́ pé kò dé ibi òǹtẹ̀. Eyín iwájú eku kì í yé hù, torí náà bí ebi ò tiẹ̀ pa á, yóò ṣáà máa họ nǹkan. Wáyà fìríìjì ló họ títí irin inú rẹ̀ fi yọ. Mo ti ní kí oníná wá pààrọ̀ rẹ̀ kí iná má baà sọ.

Ṣùgbọ́n aṣọ ṣeé rà. Ibà Lassa ni ò jẹ́ kí n sùn. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, àmọ́ Ọ̀wọ̀ wa yìí wà lára ibi tó ti ń jà jù báyìí. Eku tó ń gbé e kiri ò ní láti gé èèyàn jẹ. Kí ó ṣáà tọ̀ tàbí kí ó yàgbẹ́ sí oúnjẹ ti tó. Màmá sì ń sá láfún sétí títì, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó kó o, gàrí á wà ní ṣíṣí mọ́jú.

Bí ibà lásán ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀: orí fífọ́, ara ríro, ọ̀fun dídùn. Ó sì lè lo ọjọ́ 6 sí 21 lára kó tó hàn. Màmá á ní ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n á gbé àgbo kaná, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn ribavirin ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹlòmíràn á yè é, etí rẹ̀ á sì di. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà lè kó o.

Káfíńtà ti wò ó: àjà yàrá méjèèjì ni yóò dí. Mo fẹ́ ra ike onídèérí fún gàrí àti láfún. N ò fẹ́ májèlé, torí àwọn ọmọ ọmọ ń ṣeré nílẹ̀. Tàkúté ni a ó lò, a ò sì ní fọwọ́ lásán kó òkú eku. Ìgbẹ́ rẹ̀ pàápàá, omi jíìkì la ó kọ́kọ́ wọ́n sí i ká tó nù ún, ká má gbá a ní gbígbẹ.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà kí káfíńtà wọlé. Sọ fún wọn pé bí ara wọn bá gbóná, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi kíá, ká jọ lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọlákẹ́