Kàlẹ́ńdà ara obìnrin kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ni mo ti ń jẹun láti ìgbà ọmọge mi. Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, kàlẹ́ńdà ló kù tí à ń tẹ̀: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ti òkú àgbà. Èmi ni mò ń to ewé oṣù léra wọn, tí mo sì ń fi irin há a lórí. Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà náà ni mo bá wá, àmọ́ kì í ṣe ti ara ògiri: ti ara obìnrin ni, bí a ṣe ń ka ọjọ́ tó lè lóyún.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń bá wa ká ìwé jókòó tì mí lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, ó bú sẹ́kún. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀, oyún mìíràn sì ti dé. "Màmá, mo kà á o. Gbogbo àárín oṣù ni mo fi yẹra fún bàbá ẹ̀." Mo ní kó fi àárín oṣù náà hàn mí. Ewé kan wà lórí tábìlì tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó na ìka sí ọjọ́ 15, yíǹkì pupa sì lẹ̀ mọ́ ọn níka. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń dé. Ó ní ọjọ́ 22 ni.

Mo mú bírò. Mo fi ọjọ́ 22 ṣe ọjọ́ kìíní, mo sì ń kà á lọ lójú rẹ̀ nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30. Ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí ọjọ́ 29. Ọjọ́ kọkàndínlógún bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ kẹjọ yẹn dé ọjọ́ kọkàndínlógún ni ewu oyún wà, ibẹ̀ gan-an ló sì fi ọkàn balẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọjọ́ tí obìnrin bá rí ẹ̀jẹ̀ ni ọjọ́ kìíní tirẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ 3, ì báà jẹ́ ọjọ́ 27.

Ẹyin obìnrin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ bó bá ti jáde. Àtọ̀ ló lẹ́mìí gígùn: ó lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún, kó máa dúró de ẹyin. Ohun tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ Ajé lè di oyún lọ́jọ́ Ẹtì.

Èmi náà ti kó sí i rí, ọ̀nà tèmi ló yàtọ̀. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé kí n ṣáà máa fún ọmọ lọ́mú, mi ò ní lóyún. Ó sọ ọ́ tán, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ìyá ọkọ mi wá bá wa wẹ ọmọ. Láti ọjọ́ kẹta ni wọ́n ti ń fún un lómi, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ lágbo. Mo ṣì ń rí ọwọ́ wọn: wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ bí igbá sẹ́nu ọmọ, àgbo á máa ṣàn gba àárín ìka wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ní oṣù kẹrin mo ti bẹ̀rẹ̀ ògì. Nǹkan oṣù kò tíì padà, ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ pé oṣù mẹ́jọ, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí láàárọ̀. Mo ti lóyún lé ọmọ lọ́wọ́, láìrí ẹ̀jẹ̀ kankan kí oyún tó dé, nítorí ẹyin ló ń ṣáájú ẹ̀jẹ̀. Ìtìjú tó bá mi láàárín àwọn aládùúgbò, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ yín rí irú rẹ̀.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìwé pẹlẹbẹ kan wá fún wa tẹ̀, mo sì dúró kà á. Láti 1988 ni àwọn onímọ̀ ti pàdé ní Bellagio ní ilẹ̀ Ítálì, tí wọ́n fẹnu kò pé ọmú lè dènà oyún, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé: kí nǹkan oṣù má tíì padà, kí ọmọ má tíì kọjá oṣù mẹ́fà, kó sì jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu, tọ̀sán tòru, láìsí omi, láìsí àgbo. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, nínú obìnrin 100, ẹni tó máa lóyún kò ju méjì lọ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ààbò ti lọ nìyẹn. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni nọ́ọ̀sì yẹn fún mi.

Láyé ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, obìnrin tó bá bímọ kò ní sùn ti ọkọ títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, ọdún méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Wọ́n ní àtọ̀ ń ba omi ọmú jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ á ti rìn, á ti sọ̀rọ̀ kí àbúrò tó dé. Ìyá ní yàrá tirẹ̀, bàbá ní tirẹ̀, orogún sì sábà máa ń wà nílé. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, yàrá kan la gbà, nínú ilé tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì kan. Ẹni tó bá ní kí irú wa yẹra fúnra wa fún ọdún mẹ́ta kò tíì wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ọmọ kẹta ni mo fi oṣù mẹ́fà ka ọjọ́ ara mi, láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó tẹ̀ lé e: 28, 27, 30, 28, 29, 28. Wọ́n wá fún mi ní ìlẹ̀kẹ̀ tí Yunifásítì Georgetown ní Amẹ́ríkà ṣètò, fún obìnrin tí òǹkà rẹ̀ kò bá dín sí 26, tí kò sì ju 32 lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ 32 ni: pupa kan fún ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, funfun 12 fún ọjọ́ ewu, ìyókù sì dà bí àwọ̀ obì tó ti gbó. Rọ́bà dúdú kékeré kan wà tí wọ́n ń sún lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi ni mo fi ìyẹn lé lọ́wọ́. Láàárọ̀, kí wọ́n tó lọ wẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí mo fi í kọ́ sí, wọ́n á sún un kan. Bó bá ti kan funfun, àwọn fúnra wọn ló máa sọ pé, "Ìyàwó mi, a ti wọ funfun o." Ọdún mẹ́rin la fi lò ó, oyún kankan kò yọjú.

Nítorí èyí ni mo ṣe kọ̀wé sí yín. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ń rí, obìnrin nìkan ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Obìnrin tó bá ń dá ọjọ́ kà, òun náà ló máa dá ìjà rẹ̀ jà lóru nígbà tí ọkọ bá na ọwọ́.

Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni. Nínú obìnrin 100 tó bá fi ìlẹ̀kẹ̀ yìí pa òfin mọ́ fún ọdún kan, bíi 5 ṣì máa lóyún. Láàárín àwọn tó ń gbàgbé, tó ń ṣe bí èèyàn ṣe ń ṣe, bíi 12 ni. Àwọn tí ọkọ wọn ń fà á yọ kó tó dà, bíi 20. Omi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń mu lẹ́yìn náà kò dènà ohunkóhun. Ọmọ tèmi tó ti relé ọkọ ń ka 24 lóṣù yìí, 36 lóṣù tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n fún un ní ọ̀nà mìíràn. Bí ọkọ bá sì ń rìn níta, kíka ọjọ́ kò lè dènà àrùn. Kọ́ńdọ̀mù ni kí wọ́n lò.

Olóòtú, ẹ̀yin náà máa ń fi kàlẹ́ńdà sínú ìwé ìròyìn yín lópin ọdún. Tọdún yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àyè funfun díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n èyí tó lè gba àmì bírò kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tóbi, kí ọkùnrin lè rí i láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọbìnrin yẹn ṣì ń bá wa ṣiṣẹ́. Mo ti ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀, ó ní òun á yà sọ́dọ̀ mi ní Sátidé kí n wá fi ọjọ́ kìíní han òun.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníkàlẹ́ńdà,
Ṣómólú, Èkó.